“Lẹ́kíṣọ́rà Kò Tíì Fún Wa ní Handout”

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ ju ààyè tí olóòtú fún mi lọ, nítorí náà mo ti kó àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra pọ̀, mo sì mú díẹ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn dá lórí Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì àti ẹni tó yẹ kó máa darí ẹ̀kọ́ náà: ṣé ẹni tó ń kọ́ni ni àbí ẹni tí wọ́n ń kọ́? Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, girama lówùúrọ̀, ìró-ohùn lọ́sàn-án. Mo ní èrò tèmi lórí rẹ̀, n kò sì ní fi bò. Ẹni tí inú bá bí, kó kọ̀wé sí mi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún kejì ni mo wà ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lẹ́kíṣọ́rà wa kan máa ń ta handout, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ló sì ń fẹ́ rí nínú ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ ka ìwé mìíràn ní láìbírì, ó kọ ohun tó kà sílẹ̀, máàkì tó gbà kò tó ti ẹni tó kọ́ handout sórí. Mo fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrè wo ló wà nínú kíka ohun tí kò ní jáde? Ti kọ́ọ̀sì mìíràn tilẹ̀ wà tí handout rẹ̀ kò tíì jáde, a kàn ń wojú ara wa ni. *Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá lẹ́kíṣọ́rà yín wí, bí kò tilẹ̀ ní gbọ́. Ẹni tó bá fi máàkì jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà nítorí pé ó ka ìwé ju èyí tí òun tà lọ, ọjà ló ń ná, kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹ̀ka rí, wọn ò sì fẹ́ràn mi fún un.

Ní tìrẹ, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ìdánwò ọ̀gá yẹn, ra handout rẹ̀, kọ́ ọ, gba máàkì rẹ, má bá a jà. N kò ní rán ọmọ ọlọ́mọ lọ fi carry-over, kọ́ọ̀sì tó gbé tó sì ní láti tún ṣe, ṣe akọni. Ṣùgbọ́n má ṣe tan ara rẹ jẹ pé o ti tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ sọ ọ́ lórúkọ: la cram, la pour, la forget. Kọ́ ọ sórí, dà á sílẹ̀, gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí n kò fẹ́ nínú lẹ́tà rẹ ni “a kàn ń wojú ara wa”. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Nínú àwọn ọmọ tó máa ń wá kí mi nílé, àwọn kan wà tí wọn kò ṣí ìwé kankan. Tí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní wọn ò tíì pe àwọn padà. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti igbá ẹ̀fọ́, tó kó gbogbo iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti fi bírò pupa ya lára láti ọdún kìíní jáde. Kò ka ohun tó gbà. Àṣìṣe rẹ̀ ló ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ wọ́n sínú ìwé kan, ó sì ń pín wọn sí òkìtì-òkìtì.

Òkìtì tó ga jù ni *he* àti *she*. Ẹ̀rín pa òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: “ó” kan ṣoṣo la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin nílé wa, nítorí náà bí ọkàn bá ti wà lórí ìtàn tí à ń sọ, ahọ́n á mú èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Òkìtì kejì ni ìṣe àná. Mo lọ lónìí, mo lọ lánàá, “lọ” kò yí padà. Ló bá ń kọ *go* níbi tó yẹ kó kọ *went*, pàápàá tí ìtàn bá gùn. Ẹ̀kẹta ni *they*. Ó kọ ọ́ pé bàbá òun dé láti oko, *they* sì ń sinmi. Ẹ̀kọ́ ilé ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò lè fojú di bàbá rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì! Àwọn yòókù ni *informations*, *equipments*, *discuss about*, àwọn tí gbogbo Nàìjíríà jọ ń jẹ.

Ó mú òkìtì kan, ó ṣiṣẹ́ lé e títí tó fi ń rí i kí ó tó kọ ọ́, kí ó tó mú òmíràn. Kò sí handout tó lè ṣe ìyẹn fún un, nítorí kò sí ẹni tó kọ handout fún òun nìkan. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó àwọn iṣẹ́ rẹ tí wọ́n ti máàkì jọ. Tí o bá ti sọ wọ́n nù, kọ tuntun méjì, kí o sì bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ kó fi bírò pupa yà á.

Ti kọ́ọ̀sì tí handout rẹ̀ kò tíì jáde ńkọ́? Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, CCMAS ni wọ́n ń pè é. Àjọ náà ló ṣètò 70% ohun tí wọn yóò kọ́ yín, yunifásítì kọ̀ọ̀kan á sì fi 30% tirẹ̀ kún un. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Wá ojú-ewé kọ́ọ̀sì rẹ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nígbà tó bá parí kọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀ kedere. Bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tí o kò lè ṣe. Nígbà tí handout bá wá jáde, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ohun tó wà lọ́hùn-ún tí kò sí nínú handout, má ṣe fojú fò ó. Mo mọ ọmọ tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì lọ bi lẹ́kíṣọ́rà rẹ̀ ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀gá náà fi orí kan kún handout rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó gbé owó rẹ̀ sókè pẹ̀lú, mi ò ní purọ́.

Má sì rò pé ẹni tó ń darí ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá jókòó. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní University College Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ J.P. Clark àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn ewì kan sílẹ̀, The Horn. Lẹ́kíṣọ́rà ọ̀dọ́ kan, Martin Banham, gbà wọ́n níyànjú, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe olóòtú rẹ̀. Kò sí nínú kọ́ọ̀sì kankan, kò ní máàkì. Wọ́n ń kọ, wọ́n ń ka ti ara wọn, wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu ti ara wọn. Ìwọ náà wá ẹni méjì. Kí ẹ máa kọ ojú-ewé kan lọ́sẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí oníkálukú fi bírò pupa sí ti ẹnìkejì. Ẹ̀yin mẹ́ta péré. Bí ẹ bá ti di mẹ́wàá, ẹ ti di tutorial nìyẹn, ẹnìkan á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín, ẹ ó sì padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Awakọ̀ ni mí, ní Ìwó. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. Tó bá wálé, orí fóònù ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ìwé lòun ń kà, pé àwọn kì í dúró de olùkọ́ mọ́. Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ? Owó dátà sì ń dùn mí. *Bàbá ọlọ́mọ, Ìwó*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Ti dátà, a jọ wà níbẹ̀ ni, láti oṣù Kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó 50% lé owó wọn.

Ẹ kò nílò Gẹ̀ẹ́sì láti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ara bá tù yín, ẹ pè é, ẹ bi í ní Yorùbá: “Kí lo fẹ́ mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn lo mú? Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé o ti mọ̀ ọ́n?” Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá dáhùn. Ọmọ tó ń kàwé lóòótọ́ lórí fóònù, ìbéèrè kẹta kò ní dí i lẹ́nu. Á sọ pé òun máa kọ nǹkan láìwo ìwé, tàbí pé òun máa gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan, kí òun sì sọ ọ́ padà. Tó bá ń kùn, tó ń sọ pé “ṣebí mo ń kà á ni”, fóònù lásán ló ń tẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kíkàwé láìsí olùkọ́ níwájú ẹni kò bá fóònù dé. Ẹ̀yin náà mọ Awólọ́wọ̀: nígbà tó gboyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ilẹ̀ wa níhìn-ín ló wà tó ti kàwé náà, láàárín iṣẹ́ àti àtijẹ. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ọmọ yín ń dá sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó wá gbàdúrà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ èdè máa ń ṣe.

Ìbéèrè: Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ orúkọ mi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọdún kẹta. Mo ń ka iṣẹ́ mi níwájú kíláàsì, mo pe *fish* ní “fis”, kíláàsì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà n kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo lọ bá lẹ́kíṣọ́rà, ó ní kí n lọ practise. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? *Ọmọ Ìbàdàn*

Ìdáhùn: “Lọ practise” ni ohun tí a máa ń sọ tí a bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ọ́fíìsì wa. Má bínú.

Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn, ní kí wọ́n pe *very* àti *zoo*. Ó dá mi lójú pé “féri” àti “súù” ni púpọ̀ nínú wọn yóò pè, kò sì ní sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo wọn ló jọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò ní ìró àwọn lẹ́tà *v* àti *z*, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ti *th*. Tìrẹ yàtọ̀ díẹ̀: nílẹ̀ Ìbàdàn àti lápá Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ló ń pe iṣu ní “isu”. Èdè ilé rẹ ló tẹ̀ lé ọ wá sí kíláàsì. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Etí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní méjì-méjì: *see* àti *she*, *sip* àti *ship*, *sell* àti *shell*, *sock* àti *shock*, *mass* àti *mash*. Fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní ìwé náà (mú ẹni tí kì í ṣe ará Ìbàdàn, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!), kó dàrú wọn, kó máa pè wọ́n nígbà tí o kọ ẹ̀yìn sí i. Ìwọ máa kọ èyí tí o gbọ́. Tí o bá ń ṣì wọ́n gbọ́, má tíì yọ ẹnu rẹ lẹ́nu; máa gbọ́ lójoojúmọ́ títí tí ìyàtọ̀ náà á fi dá ọ lójú.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí i padà. Ìwọ ni yóò máa pè é, òun ni yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ, kó sì máa kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ láìbi ọ́ léèrè. Nígbà tí ẹ bá parí, gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí o ti pe *ship* tí ó kọ *sip*, wàhálà ibẹ̀ ni tìrẹ. Ìwé yẹn kò mọ ojúsàájú bí ọ̀rẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n. Tí o bá bi ọ̀rẹ́ rẹ pé “ṣé mo pè é dáadáa?”, á ní o gbìyànjú.

Ní ti bí ẹnu ṣe ń ṣe é, gbé dígí. Tí o bá ń pe *s*, iwájú ahọ́n sún mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè. Fún *sh*, fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀, kí ètè yọ síwájú bí ẹni fẹ́ súfèé. Ẹni tó bá wo ara rẹ̀ nínú dígí máa ń rí i pé ètè òun kò mira rárá.

Fóònù rẹ náà wúlò. Ka ìlà márùn-ún nínú ìròyìn, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n má gbọ́ ọ lójú-ẹsẹ̀. Tí o bá gbọ́ ọ nígbà náà, ohun tí o ní lọ́kàn láti sọ ni etí rẹ á máa bá ọ gbọ́. Di ọjọ́ kejì kí o tó gbọ́ ọ, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Fi àmì sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Ìgbà tí ìwé ẹni yàrá rẹ bá ti bá tìrẹ mu dáadáa, pa *s* àti *sh* tì. Má fi gbogbo ọdún kẹta lu ìlù kan. Kọjá sí ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí ó ń da gbogbo wa láàmú ju *fish* lọ. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ la fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì a máa tẹ apá kan mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, á sì gbé àwọn apá tó kù mì. *Madam*, apá àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Ìparí ni púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀. *Challenge* náà ńkọ́? Bákan náà. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè, wàá rí ìlà kékeré kan lókè, níwájú apá tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti ra ìwé náà.

Mi ò ní kí o máa sọ̀rọ̀ bí ará Lọ́ńdọ̀nù o. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tó ń ka ìròyìn fún wa, gbogbo ayé sì ń gbọ́ wọn yé. Tí o bá pe *ship* tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ *sip*, ó ti tó. Kí o sì dìde sọ̀rọ̀ ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Mà, ṣé ó burú kí n máa fi ChatGPT kọ assignment? Gbogbo kíláàsì ló ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. *Ìlọrin*

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára, òun ló sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìwọ kọ́. Kọ tìrẹ tán ná, bó ti wù kó rí. Lẹ́yìn náà, fi ránṣẹ́ sí i, ní kó tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà nìkan, kó má tún un kọ. Tún un kọ fúnra rẹ. Ohun tó bá tọ́ka sí, yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé girama kí o tó gbà á, nítorí ó máa ń ṣì í. Bí o bá bi í pé ìwé wo lo lè kà, ó lè dá orúkọ ìwé àti orúkọ òǹkọ̀wé tí kò sí láyé sílẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú ìdánilójú. Mo ti ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ ìwé bẹ́ẹ̀ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dùn mí fún un.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Kétu ni mo ti wá, ní orílẹ̀-èdè Benin. Yunifásítì Abomey-Calavi ni mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé la fi kàwé láti kékeré. A pọ̀ nínú gbọ̀ngàn débi pé mo lè parí sẹ̀mẹ́sítà láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan jáde lẹ́nu. Wọ́n ní kí n lọ sí Nàìjíríà lọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá mi ní Ìmẹ̀kọ, Yorùbá ni a sọ látòkè délẹ̀. Kí ni kí n ṣe? *Ọmọ Kétu*

Ìdáhùn: Ẹ̀rín lo pa mí. Ìmẹ̀kọ! Ọmọ Kétu ni wọ́n kí òyìnbó tó fa ààlà sáàárín yín. Èdè wo lo fẹ́ kí wọ́n fi kí ọ káàbọ̀?

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ. Ní Àjàrà, ní Badagry, abúlé kan wà tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1991, Nigeria French Language Village. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì wa ti ń lọ gbé láàárín Faransé fún ìgbà kan. Nígbà tí wọ́n bá padà sí yunifásítì wọn, ìṣòro tìrẹ gan-an á tún bá wọn: ta ni wọ́n á máa bá sọ Faransé? Èyí tí wọ́n ń wá ni ìwọ ní, èyí tí ìwọ ń wá sì wà lọ́wọ́ wọn. Wá ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀ka Faransé wà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó. Kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, sọ ẹni tí o jẹ́ àti ohun tí o fẹ́.

Tí o bá ti rí i, ẹ fi ìlànà dè é dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò di àwàdà. Ìdajì wákàtí Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì wákàtí Faransé, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára, ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí oníkálukú sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n tún ṣe fún un ṣáájú: ìwọ lè ní kó bá ọ wo ìṣe àná nìkan lóṣù yìí, kó fi ìyókù sílẹ̀. Kó má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọ lẹ́nu. Kó kọ àṣìṣe sílẹ̀, kó sọ ọ́ ní ìparí. Ọ̀fìn tó wà níwájú yín, ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n: bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti le díẹ̀, ẹ ó sá padà sílé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ Yorùbá, kó ra dátà fún ẹnìkejì. Owó ìtanràn yẹn á ṣiṣẹ́ ju ìbínú lọ.

Faransé tí o gbọ́ náà kì í ṣe ẹrù. Ó ń bá ọ mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú-ìwé, ó sì ń fi díẹ̀ nínú wọn tàn ọ́. *Library* kì í ṣe *librairie* yín, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé; *actually* kò sì ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú *actuellement* yín, ìyẹn ìsinsìnyí. Máa kọ àwọn tó bá tàn ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ bí o ṣe ń bá wọn pàdé. Àkójọ tí ẹlòmíràn ṣe wà káàkiri, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kò tàn ọ́ rí.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kọ́ mi ní phonology, ẹ̀kọ́ ìró-ohùn, nígbà kan. Èmi náà ti di lẹ́kíṣọ́rà báyìí. Ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí oníkálukú yan ohun tó fẹ́ kọ́ àti bí yóò ṣe kọ́ ọ, pé èmi yóò kàn máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn sí HOD, olórí ẹ̀ka wa, pé n kò kọ́ àwọn ní nǹkan kan. Ojú tì mí, mo fẹ́ padà sí handout. *Akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò jẹ̀bi tán.

Wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. WAEC fún wọn ní A dé D, JAMB náà A dé D. Ọ̀gá ilé-ìwé yan ìwé, òbí yan kọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ọ pàdé, o ní kí wọ́n yan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. O ju ẹni tí kò mọ odò ọ̀wẹ̀ sí àárín òkun. Henri Holec, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Nancy, sọ nínú ìwé tó kọ fún Council of Europe, èyí tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, pé agbára láti darí ẹ̀kọ́ ara ẹni kì í bá ènìyàn wáyé. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gan-an. Ìyẹn ni pé ó wà lára ohun tó yẹ kí o kọ́ wọn. Mo sọ èyí nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wà tí wọn kì í yọjú sí kíláàsì, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá dúró. Ìpatì nìyẹn. Mi ò sọ pé o wà nínú wọn.

Fún wọn ní yíyàn kékeré. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbé àyọkà méjì kalẹ̀, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìbéèrè lórí rẹ̀; mú àwọn tó dára jù sínú test, kí wọ́n rí i pé kì í ṣe eré. Lẹ́yìn náà ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: mú àròkọ kan tí kò ní orúkọ, fún wọn ní ìlànà tí o fi ń máàkì, kí wọ́n máàkì rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ariwo á sọ. Ẹgbẹ́ kan á fún un ní 14 nínú 20, òmíràn á fún un ní 6. Jẹ́ kí wọ́n jà á, kí wọ́n fi ìlànà gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya iṣẹ́ rere sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára lè yan ohun tí yóò kọ́ fúnra rẹ̀, ṣáájú ìgbà náà, kò lè yan nǹkan kan. Tí kíláàsì bá pọ̀ bíi ti GST, kọ́ọ̀sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka gbogbo jọ ń ṣe, máa gba ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, má gba ti gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, oorun á gbé ọ lọ lórí rẹ̀.

Lọ bá HOD pẹ̀lú ètò yìí lórí ìwé, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ibi tó bá CCMAS mu. Ètò ló máa ń fi HOD lọ́kàn balẹ̀, kì í ṣe àlàyé.

Ìwé ẹ̀sùn yẹn náà, má ya á. Kò sí ẹni tó yan iṣẹ́ yẹn fún wọn. Wọ́n mú àkòrí fúnra wọn, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n kọ ọ́, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí àti ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, ó sì ṣe é. Bí HOD bá gbà, yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, mú un lọ sí kíláàsì, kí o sì jẹ́ kí ó jẹ́ àròkọ àkọ́kọ́ tí wọn yóò máàkì.